Kúkíìsì ọ́ótì olótọ́fì nínú ìkòkò yanrìn: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti Adó-Ekìtì

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú àkọsílẹ̀ yìí. Àkọ́kọ́ ni ààrò: ìkòkò ńlá, yanrìn, èédú lókè, èédú nísàlẹ̀, tí yóò mú ooru 175°C dúró sójú kan láìsí gáàsì, láìsí iná mànàmáná. Ìkejì ni kúkíìsì tí a ó yan nínú rẹ̀, èyí tó ní ọ́ótì, ṣokoléètì gígé àti tọ́fì tí a fọwọ́ ara wa sè. Torí kúkíìsì ni mo ṣe gbé ààrò kalẹ̀, àmọ́ ààrò ló gba ìrònú jù. Ẹni tó bá ti mọ bí a ṣe ń pín iná, ìyókù iṣẹ́ yìí á rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ṣin-ṣin, bọ́ọ̀nsì àti pọ́fù-pọ́fù ni mò ń dín tà ní Basírí, ní Adó-Ekìtì níbí. Agùnbánirọ̀ kan tó gba yàrá lọ́dọ̀ wa ló bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Àǹtí, gbogbo nǹkan tí ẹ̀ ń ṣe yìí, inú òróró náà ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Ṣé ẹ ò lè yan kúkíìsì ni?" Mo ní kò sí ófùn. Ó ní ófùn kọ́ ló ń yan kúkíìsì, ooru ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Òun ló kọ ìwọ̀n àwọn èròjà fún mi, ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi ní iná, èmi sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹni tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìjerò tàbí ní Ọmùò lè ṣe é láì wá ófùn kiri.

Ìkòkò àti yanrìn

Ìkòkò tí mo lò ni èyí tó nípọn, tí a fi ń se ìrẹsì òde. Ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ooru máa ń gbà á kọjá lójú ẹsẹ̀, ìdí rẹ̀ á sì tẹ̀. Tíréè tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 30 sẹ̀ntímítà ló wọ tèmi, ó sì ku àyè bí ìka méjì yí tíréè náà ká. Ẹ má fi àyè yẹn ṣeré. Afẹ́fẹ́ gbígbóná gbọ́dọ̀ ráyè gòkè láti ìdí ìkòkò dé abẹ́ ìdérí. Bí tíréè bá dí i lọ́nà, abẹ́ kúkíìsì á jó, ojú rẹ̀ á sì wà ní tútù.

Yanrìn odò ni kí ẹ wá, kì í ṣe erùpẹ̀. Erùpẹ̀ ní ewé jíjẹrà àti gbòǹgbò nínú, ìyẹn á máa rú èéfín, òórùn rẹ̀ á sì wọ inú ohun tí ẹ bá ń yan. Mo fi asẹ́ sẹ́ yanrìn náà, mo fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́, mo sá a sóòrùn títí kò fi lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Mo wá dà á sínú ìkòkò, ó ga tó ìka mẹ́rin tí a tò lé ara wọn. Lẹ́yìn ìyẹn mo dáná sábẹ́ ìkòkò lásán, láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju yanrìn lọ, títí èéfín kankan kò fi jáde mọ́. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí rárá.

Ìwúlò yanrìn ni pé ó wúwo, ó ń pẹ́ kó tó gbóná, ó sì ń pẹ́ kó tó tutù. Èédú kì í jó dọ́gba. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, á gbóná rau. Bí eérú bá bò ó, á rọlẹ̀. Yanrìn ló ń gba gbogbo lílọ sókè-sódò yẹn mọ́ra, tí ohun tó wà lórí tíréè kì í fi í mọ̀. Lórí yanrìn náà, mo da agolo tòmátò mẹ́ta dojú dé, lẹ́yìn tí mo ti fọ̀ wọ́n tí mo sì ti ya bébà ara wọn kúrò. Orí wọn ni tíréè ń jókòó lé.

Ìdérí

Ìdérí ìkòkò sábà máa ń ní ìmú tí wọ́n fi rọ́bà ṣe. Ẹ yọ ọ́ kúrò, nítorí ògúnná ni yóò wà lórí rẹ̀. Tèmi tẹ́jú, nítorí náà ó nílò ohun tí yóò dá ògúnná dúró kó má baà yí bọ́ sílẹ̀. Mo lọ bá ìyá kan tó máa ń kó ìkòkò amọ̀ wá láti Ìṣàn-Ekìtì, ìlú tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò tipẹ́tipẹ́, mo ní kó bá mi mọ òrùka amọ̀ kan tó fẹ̀ tó ìdérí yẹn, tó ga tó ìka mẹ́ta, kó sì sun ún pọ̀ mọ́ àwọn ìkòkò rẹ̀. Ó béèrè pé, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó ní òun á po yanrìn mọ́ amọ̀ náà kó lè gba iná dáadáa.

Kì í ṣe pé a lẹ òrùka yìí mọ́ ìdérí o. Ńṣe la kàn gbé e lé e. Irin máa ń fẹ̀ tó bá gbóná, amọ̀ kì í fẹ̀ tó o, bí wọ́n bá sì lẹ̀ mọ́ra, amọ̀ ni yóò sán. Àwọn kan máa ń gé páànù òrùlé ṣe irú òrùka yìí, mi ò fara mọ́ ọn. Síǹkì ni wọ́n fi ń bo páànù yẹn, èéfín síǹkì kò sì dára ní ibi tí oúnjẹ wà.

Iná

Màámi, ìyá ọkọ mi, ti yan gàrí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó sinmi. Ẹni tó ń yan gàrí mọ iná ju ẹni tó ń se ọbẹ̀ lọ, nítorí agbada gàrí kò gba iná tó ń ga tó ń rọlẹ̀. Mo bi wọ́n pé báwo ni kí n ṣe pín èédú. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ṣé o fẹ́ se nǹkan ni, àbí o fẹ́ yan nǹkan?" Mo ní yíyan ni, Màámi. "Tó bá jẹ́ yíyan, jẹ́ kí iná orí ju iná ìdí lọ. Ìdí ní yanrìn tó ń bá a gbé ooru, orí ò ní nǹkan kan."

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Tí a bá pín ògúnná sí ọ̀nà mẹ́ta, ìdá kan ló ń lọ sábẹ́, ìdá méjì ló ń lọ sórí ìdérí. Ti abẹ́, ẹ má jẹ́ kó wà ní àárín nìkan. Ẹ tò ó yípo lábẹ́ etí ìkòkò. Ti orí náà, ẹ jẹ́ kó pọ̀ létí ju àárín lọ. Àárín tíréè ni ooru ti ń pàdé láti ọ̀nà gbogbo, kò nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí èédú jó títí eérú funfun fi bò ó kí ẹ tó lò ó. Èédú tí ó ṣì dúdú yóò ṣì máa le sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e, ẹ ò sì ní mọ ibi tí yóò dé.

Láti mọ ooru inú ìkòkò, tẹmómítà ófùn ló rọrùn jù. Ẹ gbé e sórí tíréè, ẹ dé ìkòkò, kí ẹ sì ṣí i wò lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tí kò ní tẹmómítà lè lo ṣúgà. Ṣúgà funfun máa ń yọ́ ní nǹkan bí 186°C. Ẹ ká fọ́ìlì ṣe ife kékeré, ẹ fi ìdajì ṣíbí tíì ṣúgà sínú rẹ̀, ẹ gbé e sínú ìkòkò gbígbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó bá yọ́, ooru ti kọjá ohun tí à ń wá. Ẹ fi ẹ̀mú mú ògúnná díẹ̀ kúrò lókè àti nísàlẹ̀. Bí kò bá yọ́, ẹ ò tíì mọ̀ bóyá ooru ti tó tàbí kò tó, torí náà ẹ fi kúkíìsì ẹyọ kan ṣoṣo dán an wò. Bí etí rẹ̀ bá pọ́n láàárín ìṣẹ́jú méjìlá, ó ti bọ́ sí i. Bí ó bá ṣì funfun, ẹ fi ògúnná kún ti orí, ẹ má fi kún ti ìdí.

Ìta gbangba tàbí abẹ́ àtíbàbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe gbogbo èyí. Èédú tó ń jó nínú ilé títì pa máa ń mú afẹ́fẹ́ olóró jáde, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn. Bí òjò bá dé tí ẹ kò sì ní ibi tó ṣí sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la.

Tọ́fì

Ibí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Tọ́fì tó ń fà mọ́ eyín, irú èyí tí a máa ń jẹ níléèwé, ooru tí wọ́n fi sè é kò ga, omi ṣì ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Èyí tí a fẹ́ fún kúkíìsì gbọ́dọ̀ le, kó ṣẹ́, kó má fà. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò ju iye omi tó kù nínú ṣúgà lọ, ooru ni a sì fi ń mọ iye omi náà: nígbà tó bá dé 150°C, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá.

Ohun tí mo ń lò ni bọ́tà 115 gíráàmù, ṣúgà funfun 100 gíráàmù, omi ṣíbí ìjẹun kan, àti iyọ̀ díẹ̀. Bọ́tà ni gbogbo wa ń pe ohun tó wà nínú agolo ìpara búrẹ́dì, àmọ́ àwọn kan wà níbẹ̀ tí omi inú wọn pọ̀ gan-an. Bọ́tà tí wọ́n fi wàrà màlúù ṣe ní ọ̀rá tó tó 80 nínú 100. Ẹ yẹ ara agolo wò. Bí ọ̀rá tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá kéré sí ìyẹn púpọ̀, tọ́fì náà á máa ta síni lára, ọ̀rá rẹ̀ á sì ya kúrò lára ṣúgà. Ẹni tí kò bá rí bọ́tà wàrà lè lo majarín-ìn tí àwọn oníbúrẹ́dì ń rà, àwọn tí ọ̀rá inú rẹ̀ tó 80. Yóò le, yóò ṣẹ́, àmọ́ adùn wàrà yẹn kò ní sí níbẹ̀, mi ò sì lè parọ́ pé wọ́n jọra.

Ìkòkò kékeré tí ìdí rẹ̀ nípọn ni kí ẹ gbé ka iná pẹ̀lẹ́. Bọ́tà á yọ́, ṣúgà á máa yọ́ tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, èéhó rẹ̀ tóbi, ó funfun, ó sì ń bẹ́ kíákíá: omi ló ń jáde yẹn. Ní àkókò yìí, kò sí ohun tí ẹ ní í ṣe ju kí ẹ máa rò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ìdí má baà jó. Nígbà tó bá yá, èéhó á kéré, á ki, orógùn á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lọ́wọ́ yín, òórùn wàrà sísè á sì gbòde. Láti ibẹ̀ ni ẹ ò ti gbọdọ̀ gbójú kúrò mọ́. Ojú rẹ̀ á yí láti funfun sí pípọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, òórùn á yí padà, á di ti ṣúgà tí iná ti mú. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti rí bí ẹ̀pà tí a yan gbẹ dáadáa, ó ti tó. Ìṣẹ́jú kan sí i, ó ti korò.

Fún ẹni tí kò ní tẹmómítà, ẹ bu omi tútù sínú ife, ẹ kán tọ́fì díẹ̀ sí i, ẹ mú un jáde, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Bó bá tẹ̀, kò tíì jiná. Bó bá ṣẹ́ káká tó sì dún, ẹ gbé e kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìyapa ọ̀rá ni ó máa ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Tí iná bá rú sókè lójijì tàbí tó rọlẹ̀ lójijì, ọ̀rá á léfòó sókè, ṣúgà á dì pọ̀ nísàlẹ̀. Kò tíì bàjẹ́. Ẹ gbé e kúrò lórí iná, ẹ da omi gbígbóná ṣíbí kan sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ jìnnà sí i torí yóò ta, ẹ sì máa rò ó títí tí wọ́n á fi pa pọ̀ padà. Kí ẹ wá dá a padà sórí iná pẹ̀lẹ́. Omi tí ẹ fi kún un á tún gbẹ kúrò.

Tíréè tí a fi òróró ra ni mo ń dà á sí, kó fẹ́lẹ́, kó má ju ìdajì sẹ̀ntímítà lọ. Bó bá ti tutù tó sì le, mo máa ń dì í sínú láílọ́ọ̀nù, mo á fi ìdí ìgò fọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni mo ń fi asẹ́ sẹ́ ẹ: àwọn ẹ̀rún tó tóbi díẹ̀ ni yóò lọ sínú kúkíìsì, èyí tó ti di ìyẹ̀fun kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Yóò yọ́ mọ́ ìyẹ̀fun tí a pò, kúkíìsì á tẹ́ pẹrẹsẹ lórí tíréè. Ẹ̀kọ gbígbóná ni mo máa ń bu èyí tó kúnná yẹn sí, ó dùn púpọ̀ níbẹ̀.

Tọ́fì kò fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù tó kún fún omi. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, tí òjò ń rọ̀ ní Ekìtì, tọ́fì tí ẹ bá fi sílẹ̀ láìdé á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọwọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Inú ìgò tó dé pinpin ni kí ẹ kó o sí gbàrà tó bá ti tutù. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù láti sè é, ẹ sè púpọ̀ nígbà náà kí ẹ tọ́jú rẹ̀.

Ṣokoléètì àti kòkó

Kò sídìí láti wá ṣokoléètì wẹ́wẹ́ tí wọ́n dì sínú àpò. Ruth Wakefield, obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ kúkíìsì onísokoléètì ní ilé oúnjẹ rẹ̀, Toll House Inn, ní ìlú Whitman ní Massachusetts, láwọn ọdún 1930, ọ̀pá ṣokoléètì ló gé sínú rẹ̀. Èmi náà ń ra ọ̀pá ṣokoléètì dúdú, mo ń gé e. Gígé yìí tilẹ̀ dára jù, torí ẹ̀rún ńlá ń di adágún nínú kúkíìsì, ẹ̀rún kékeré ń fọ́n ká gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rá kòkó máa ń yọ́ ní nǹkan bí 34°C. Ọ̀sán oṣù kejì àti ìkẹta ní Adó máa ń dé ibẹ̀ dáadáa. Nítorí náà àárọ̀ kùtùkùtù ni mo ń gé e, mo ń kó o sínú kúlà pẹ̀lú áìsì-bulọ́ọ̀kù tí a dì sínú láílọ́ọ̀nù, kí omi má kàn án. Ṣokoléètì tí omi kàn á di ṣákaṣàka.

Kòkó kún oko Ekìtì. Owó kòkó wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní 1955, owó kòkó náà ni wọ́n fi kọ́ Ilé Kòkó ní Ìbàdàn tí wọ́n parí ní 1965. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa tí bàbá wa gbin kòkó kò tíì fi ẹyọ kòkó yíyan kan sẹ́nu rí. Ó máa ń dùn mí. Àbúrò ọkọ mi ní oko kòkó, mo sì gba díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú èyí tí wọ́n ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, tí wọ́n sì ti sá gbẹ. Bíbò yẹn ni ó ń fún kòkó ní òórùn rẹ̀. Èyí tí wọ́n kàn yọ nínú pọ́ọ̀dù tí wọ́n sá, kíkorò lásán ni.

Ìkòkò yanrìn yìí kan náà ni mo fi yan án, ṣùgbọ́n pẹ̀lú iná tó rọra, ní nǹkan bí 130°C, fún ìdajì wákàtí. Èèpo rẹ̀ á máa ta pẹ́pẹ́. Mo bó o, mo fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù nínú atẹ, mo wá rún ìyókù díẹ̀ lórí ọlọ, kì í ṣe pé kó kúnná. Ṣíbí ìjẹun méjì nínú kúkíìsì, tí mo sì dín ṣokoléètì kù díẹ̀, yí gbogbo adùn rẹ̀ padà. Tọ́fì dùn púpọ̀, kíkorò kòkó yìí ló ń bá a mú ara dọ́gba. Láti ìgbà náà, mi ò ṣe kúkíìsì yìí láìsí i mọ́.

Pípò

Bọ́tà 225 gíráàmù, ṣúgà pípọ́n 200, ṣúgà funfun 100, ẹyin méjì, fànílà ṣíbí tíì méjì, fúláwà 190 gíráàmù, béékìn sódà ṣíbí tíì kan, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, ọ́ótì 270, ṣokoléètì gígé 150, kòkó yíyan ṣíbí ìjẹun méjì, tọ́fì fífọ́ 150. Tọ́fì tí a sè lókè yìí tó fún un, á sì ṣẹ́kù díẹ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

Bí ẹ kò bá rí ṣúgà pípọ́n, ẹ lo ti funfun, kí ẹ fi ojúlówó oyin ìgàn ṣíbí ìjẹun kan kún un. Ṣúgà pípọ́n àti oyin ní kíkan díẹ̀ nínú, ìyẹn ni sódà ń bá ṣiṣẹ́ tí kúkíìsì fi ń wú. Méjèèjì tún ń di omi mú, àárín kúkíìsì á sì wà ní rírọ̀.

Ọ́ótì tó tẹ́ tó sì nípọn ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tí a kàn ń da omi gbígbóná sí tó fi ń di ẹ̀kọ lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ti fọ́ jù, kúkíìsì á di búrẹ́dì.

Ẹ po bọ́tà rírọ̀ àti ṣúgà méjèèjì títí yóò fi funfun díẹ̀, ẹ fi ẹyin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà fànílà. Ẹ sẹ́ fúláwà, sódà àti iyọ̀ sínú rẹ̀, ẹ rò ó kó ṣáà ti pa pọ̀. Ọ́ótì, ṣokoléètì, kòkó àti tọ́fì ló kẹ́yìn. Kí ẹ wá bò ó, kí ẹ gbé e sínú fìríìjì tàbí kúlà fún wákàtí kan ó kéré tán. Nínú wákàtí yìí ọ́ótì ń mu omi, bọ́tà ń dì padà, kúkíìsì kò sì ní tẹ́ jù. Ẹ má fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, torí tọ́fì náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sínú rẹ̀.

Yíyan

Ẹ tẹ́ bébà ìyan sórí tíréè. Tọ́fì tó bá kan irin lásán á lẹ̀ pinpin, ọ̀bẹ ni ẹ ó fi há a kúrò. Ṣíbí ìjẹun kan ni mo ń bù fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo ń fi àyè ìka mẹ́ta sáàárín wọn. Kí ẹ tó gbé e wọlé, ẹ yẹ ojú ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò: tọ́fì tó bá yọ sí etí, ẹ tì í sínú, torí etí ni iná ń kọ́kọ́ mú.

Gbé tíréè wọlé, dé e, gbé òrùka lé e, kó ògúnná sí i. Ẹ má ṣí i kí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tó pé. Ní gbogbo ìgbà tí ìdérí bá kúrò, ooru òkè ti lọ, ó sì ń gba àkókò kó tó padà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí méjìlá, etí rẹ̀ á ti pọ́n, àárín á ṣì dà bí ẹni pé kò jiná. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e jáde. Ẹ fi sílẹ̀ lórí tíréè fún ìṣẹ́jú márùn-ún: ooru inú rẹ̀ á parí iṣẹ́ tó kù, tọ́fì á sì dì padà. Ẹni tó bá gbé e lójú ẹsẹ̀, á fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tọ́fì gbígbóná yẹn sì ń jó ọwọ́ ju omi híhó lọ.

Láàárín tíréè kan sí òmíràn, ẹ gbọn eérú kúrò lórí ògúnná ìdérí, ẹ fi èédú tuntun tó ti ràn dáadáa rọ́pò èyí tó ti kéré. Ti abẹ́ kì í sábà fẹ́ àfikún títí tíréè kẹta, yanrìn ṣì ń gbóná. Tíréè kejì ló sábà máa ń dára jù. Nígbà náà ni òkè àti ìsàlẹ̀ ti bá ara wọn mu.

Ẹyọ kan tí mo ṣẹ́ sí méjì nígbà tó tutù: etí rẹ̀ dún, àárín rẹ̀ rọ̀, ọ́ótì hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, tọ́fì sì ti di ihò kékeré tó ń dán, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ yọ́ lọ sí abẹ́ kúkíìsì, tó di awẹ́ tín-ínrín tó ń ṣẹ́. Agùnbánirọ̀ jẹ ẹ́, ó ní, "Àǹtí, èyí ju tilé lọ." Màámi ní ó dùn, pé ṣùgbọ́n kí n dín ṣúgà kù nínú ti àwọn, kí n sì fi atalẹ̀ sí i. Mo dín ṣúgà funfun kù sí 60 gíráàmù, mo lọ atalẹ̀ gbígbẹ ìdajì ṣíbí tíì mọ́ fúláwà. Ṣúgà kéré, kúkíìsì kò tẹ́ tó ti àkọ́kọ́, ó wú díẹ̀, ó sì dára pẹ̀lú tíì.

Títọ́jú àti ohun tó kù

Inú ìke tó dé pinpin ni kí ẹ kó kúkíìsì sí lẹ́yìn tó bá ti tutù pátápátá. Bí ó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, oru rẹ̀ á di omi lábẹ́ ìdérí, tọ́fì á sì rọ̀. Mo máa ń di ìrẹsì gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan sínú aṣọ mímọ́, mo ń fi sí igun ìke náà kó lè fa omi inú afẹ́fẹ́. Bí kúkíìsì bá rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ dá a padà sínú ìkòkò gbígbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó tutù, á padà dún.

Ẹni tó bá ní ófùn gáàsì, ooru kan náà ni, 175°C, àárín ófùn, ìṣẹ́jú kan náà. Ohun tí mo fẹ́ tún ṣe sí ìkòkò mi báyìí ni kí n fi ìpele kejì sí i, kí tíréè méjì lè wọlé lẹ́ẹ̀kan, torí àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ mi ti ń bèèrè fún púpọ̀. Ìkòkò náà gbọ́dọ̀ jìn ju èyí lọ. Mo ti bá ìyá oníkòkò sọ̀rọ̀ fún òrùka tó fẹ̀ jù, ó ní kí n mú ìdérí wá kóun fi wọ̀n ọ́n.